Kí Màmá Tó Lọ Wẹ Ọmọ ní Houston

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá wa, ẹni ọdún 68, ń lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà lóṣù tó ń bọ̀ láti bá àbúrò mi obìnrin wẹ ọmọ tuntun. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò wọ bàálù nìyí, àwọn nìkan ni wọ́n sì ń lọ. Láti Ìbàdàn ni a ó ti gbé wọn lọ sí Èkó, wọn yóò wọ bàálù láti Èkó dé Atlanta, wọn yóò sì wọ òmíràn láti ibẹ̀ dé Houston. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Amlodipine àti Moduretic ni oògùn tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, Metformin àti Glimepiride sì ni ti àtọ̀gbẹ. Ẹsẹ̀ wọn máa ń wú bí wọ́n bá jókòó pẹ́. Wọ́n ti sọ fún wa pé àwọn kò ní fi omi kan ẹnu láti àárọ̀ ọjọ́ náà, kí àwọn má baà máa da ẹni tó jókòó tì wọ́n láàmú pé àwọn fẹ́ lọ tọ̀. Ọ̀rẹ́ wọn kan tó ti lọ rí sì ti fún wọn ní Lexotan pé kí wọ́n lò ó kí wọ́n lè sùn dé ọ̀hún. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọmọ tuntun, Ọlọ́run yóò wò ó, yóò dá a sí. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ béèrè kí Màmá tó gbéra, nítorí pé ìgbà tí ìyá bá ti dé ọ̀hún, tí ẹsẹ̀ kan sì ti wú ju èkejì lọ, ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń rántí pé ó yẹ kí àwọn béèrè. Láti ìgbà tí mo ti ń tọ́jú àwọn àgbà, mo ti bá ìyá púpọ̀ múra ìrìn-àjò ìwẹ̀ ọmọ yìí, ohun tí mo sì rí ni pé kì í ṣe òfuurufú ló máa ń ṣe wọ́n léṣe bí kò ṣe ìwà ọmọlúàbí tiwọn fúnra wọn. Wọn kì í fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọn kò ní mu omi kí wọ́n má baà dìde, wọn kò ní dìde kí ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn má baà jí, wọn kò ní gba àga onítáyà kí a má baà pè wọ́n ní aláìsàn, wọn yóò sì fo oògùn nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti tú báàgì láàárín èrò. Bí ẹ bá lè mú kí Màmá gbà láti yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu díẹ̀ fún ọjọ́ kan péré, ẹ ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ẹsẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ewu tó tóbi jù wà. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ náà tó lè gòkè padà, ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun gbọ́dọ̀ máa sún kì, kí ó máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀ bí ìgbà tí a ń fún aṣọ tí a fọ̀. Ìrìn ló ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá jókòó, tó ká orúnkún kò, tí etí àga sì ń tẹ ẹ̀yìn itan rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò máa rìn bí ìgbín níbẹ̀, omi yóò sì máa jò láti inú iṣan sínú ẹran ara. Wíwú tí ẹ ń rí nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ méjèèjì ló wú bákan náà, tí wíwú náà sì lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti sùn lálẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì, kò sí ewu ńlá nínú rẹ̀. Èyí tí àwa dókítà ń bẹ̀rù ni pé ẹ̀jẹ̀ tí kò rìn dáadáa lè dì nínú iṣan ńlá tó wà nínú ẹsẹ̀, kí èyí tó dì náà já kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ó bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì dí ọ̀nà pa. Ó lè pa ènìyàn kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Àwọn kan máa ń rò pé bàálù nìkan ló ń fa èyí, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1940, nígbà tí àwọn ará Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí London, tí àwọn ará ìlú sì ń fi orí àga sùn lóròòru nínú ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí, àwọn dókítà ṣàkíyèsí pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dídì ń pa lójijì ti pọ̀ sí i. Kò sí ẹni tó wọ bàálù nínú wọn. Ìjókòó ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé èsì ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2007, wọ́n sọ pé ìrìn-àjò tí a fi ìjókòó rìn fún wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbáà jẹ́ nínú bàálù, nínú ọkọ̀ ojú irin tàbí nínú bọ́ọ̀sì, ń sọ ewu náà di ìlọ́po méjì. Láàárín àwọn tí ara wọn le, ó jẹ́ bí ẹnì kan nínú 6,000. Iye yìí kéré, nítorí náà ẹ má ṣe fi dẹ́rù ba Màmá. Ṣùgbọ́n ó ń ga sí i fún àgbàlagbà, fún ẹni tó sanra gan-an, fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lára rí, fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ, fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, fún aboyún àti abiyamọ tuntun, àti fún obìnrin tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ní estrogen nínú. Bí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí bá kan Màmá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, ẹ jẹ́ kí dókítà wọn mọ̀ kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé, nítorí ó lè rí i pé ó yẹ kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ẹ wá ṣírò ìjókòó Màmá bó ṣe wà gan-an. Láti Ìbàdàn dé pápákọ̀ òfuurufú ní Èkó, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú yín lójú ọ̀nà márosẹ̀, ó lè tó wákàtí 3 tàbí 4. Wọn yóò jókòó níbẹ̀ fún bíi wákàtí 3 kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, wọn yóò lo nǹkan bíi wákàtí 12 lókè, wọn yóò dúró ní Atlanta, wọn yóò tún lo bíi wákàtí 2 dé Houston, kí àbúrò yín tó wá fi mọ́tò gbé wọn lọ sílé. Ó súnmọ́ ọjọ́ kan gbáko. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Èkó, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí wákàtí ojú títì má baà jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ wákàtí bàálù.

Àga tó wà létí ọ̀nà àárín ọkọ̀ ni kí ẹ yàn fún wọn, kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, bó ti wù kí àwọn ọmọ-ọmọ sọ pé wọn yóò rí ìkùukùu tó. Kí wọ́n máa dìde ní wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì, kí wọ́n rìn dé ẹ̀yìn ọkọ̀, kí wọ́n sì padà. Nígbà tí iná bẹ́líìtì bá ń tàn, tí wọ́n ní kí èrò jókòó, kí ẹsẹ̀ má ṣe dákẹ́: kí wọ́n fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀ kí ọmọ ìka gòkè, kí wọ́n tún fi ọmọ ìka tẹlẹ̀ kí gìgísẹ̀ gòkè, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ, ní ìgbà 20 tàbí 30 kí wọ́n tó sinmi. Ìyá tó bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rí kò nílò ẹ̀kọ́ púpọ̀ lórí èyí, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n ṣe é lójú yín kí wọ́n tó lọ. Kí wọ́n má ṣe gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, kí wọ́n má sì ṣe ki báàgì sábẹ́ àga iwájú débi tí ẹsẹ̀ kò fi ní ráyè nà.

Mo mọ̀ pé a ó ya fọ́tò ní pápákọ̀ òfuurufú. Kí wọ́n wọ léèsì àti gèlè ya fọ́tò náà tán, kí wọ́n sì bọ́ ọ. Ìró tí a dì gírígírí mọ́ ìbàdí àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó ń fún ikùn mọ́lẹ̀ ń há ẹ̀jẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjókòó ti ń ṣe. Aṣọ tó bá gbòòrò, tó sì fẹ́lẹ́, pẹ̀lú súwẹ́tà nítorí pé inú bàálù máa ń tutù, ni mo fẹ́ rí lára wọn. Bàtà wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, tó ní àyè díẹ̀ fún ẹsẹ̀ tó bá wú. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kì í fi bàtà tuntun rìnrìn-àjò, nítorí pé bàtà lè dá egbò sí i lẹ́sẹ̀ láìjẹ́ pé ó dùn ún. Ìdí kan náà ni wọn kò fi gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ kan wà tí wọ́n dìídì ṣe láti máa fún ẹsẹ̀: ó le ní ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ń dẹ̀ bí ó ti ń gòkè lọ sí orúnkún. Ó ń dín ẹ̀jẹ̀ dídì kù ní tòótọ́, ó sì ń dín wíwú kù. Ṣùgbọ́n fún Màmá, ẹ mú sùúrù ná. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára lè sọ òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ di tóóró, bí a bá sì tún wá fún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìta, a lè fi ebi ẹ̀jẹ̀ pa á. Kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kọ́kọ́ fọwọ́ kan orí ẹsẹ̀ wọn bóyá ẹ̀jẹ̀ ń lù dáadáa níbẹ̀, kí ó sì wò ó bóyá wọ́n ń mọ nǹkan lára ní àtẹ́lẹsẹ̀. Bó bá ní kò sí ewu, kí apòògùn fi téèpù wọn ẹsẹ̀ kí ó tó tà á fún yín, nítorí pé ìbọ̀sẹ̀ tó bá ká jọ lẹ́yìn orúnkún burú ju kí a má wọ ọ̀kankan lọ. Ẹnì kan yóò tún sọ fún yín pé aspirin kan ti tó. Bí dókítà ti fi wọ́n sórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n máa lò ó lọ. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fún wọn nítorí ìrìn-àjò, torí pé àǹfààní rẹ̀ níbí kéré, ó sì lè mú kí inú ikùn ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí n fi kún un pé Amlodipine fúnra rẹ̀ máa ń mú ọrùn ẹsẹ̀ wú lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín.

Ọ̀rọ̀ omi ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ kí ẹ bá Màmá jà díẹ̀. Bàálù ńlá máa ń fò ní gíga tó tó 10,000 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ débi pé kò sí ẹni tó lè mí i kó yè. Nítorí náà, wọ́n máa ń ti afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í tì í tó ti orí ilẹ̀. Lójú ara, ẹni tó jókòó nínú rẹ̀ wà lórí òkè tó ga tó 1,800 sí 2,400 mítà. Jos tí gbogbo wa mọ̀ sí ìlú orí òkè kò ga ju nǹkan bíi 1,200 mítà lọ. Afẹ́fẹ́ náà tún gbẹ, bí ọyẹ́ tó mú gan-an: ọ̀rinrin inú rẹ̀ kì í sábà ju ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ wá ro ti ìyá kan tí Moduretic ń mú tọ̀, tí ṣúgà tó bá ga nínú ẹ̀jẹ̀ tún ń fa omi jáde lára rẹ̀, tó jókòó sínú ọyẹ́ yìí fún wákàtí 12 láìfi omi kan ẹnu. Orí yóò máa fọ́ ọ, òòyì yóò máa kọ́ ọ nígbà tó bá fẹ́ dìde, ṣúgà rẹ̀ yóò máa lọ sókè, ó sì lè ṣubú lójú ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo tó padà gbà láti lọ.

Kí wọ́n máa mu ife omi kékeré kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí wọn kò bá sùn. Bó bá jẹ́ pé dókítà ti dín omi wọn kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, ti dókítà náà ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé ike omi ńlá kọjá ibi tí wọ́n ti ń yẹ báàgì wò, nítorí pé ohun olómi tó bá ju mílílítà 100 lọ kì í sábà kọjá, nítorí náà ẹ fún wọn lówó kí wọ́n ra omi lẹ́yìn ibẹ̀. Kí wọ́n sì máa tọrọ omi lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ láìtijú. Iṣẹ́ wọn ni. Ìtọ̀ tí obìnrin bá ń dì mọ́ra tún máa ń fún kòkòrò àrùn láyè láti bí sí i nínú àpò ìtọ̀, ẹni tó bá sì ní àtọ̀gbẹ ni èyí máa ń tètè ṣẹlẹ̀ sí. Bí wọ́n bá wà ní àga tí mo sọ, kò sí ẹni tí wọ́n ń jí kí wọ́n tó lọ tọ̀.

Gáàsì inú ikùn náà máa ń fẹ̀ lókè bẹ́ẹ̀ yẹn. Kí ẹ̀wà àti mínírà wá di ti Houston. Lọ́jọ́ yẹn, oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ ni. Ẹ fi òrí díẹ̀ sínú ike kékeré fún ètè àti ojúgun wọn.

Lexotan yẹn, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Oògùn tí dókítà kò kọ fún wọn ni, ó sì ń ṣe ohun mẹ́ta tí a kò fẹ́. Oorun tó ń múni sùn kì í ṣe oorun tí ènìyàn ń yí ẹ̀gbẹ́ nínú rẹ̀. Wọn yóò sùn bí igi nínú àga fún wákàtí 6 tàbí 7, ẹ̀jẹ̀ yóò sì dúró lẹ́sẹ̀. Ó ń mú kí mímí rọra, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀. Èyí tó sì ń bí mi nínú jù ni pé ìdàrúdàpọ̀ rẹ̀ lè wà lójú àgbàlagbà di ọjọ́ kejì, nígbà tó yẹ kí Màmá dúró níwájú òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò ní Atlanta, kí wọ́n máa dáhùn ẹni tí wọ́n wá bá àti iye ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lò. Kí wọ́n fi ìborùn bo ojú, kí wọ́n fi ìrọ̀rí kékeré ti ọrùn, kí oorun wá fúnra rẹ̀. Bí kò bá wá, àìsùn òru kan kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Ní ti oògùn tiwọn, mo fẹ́ kí ẹ gbé ètò tí mo fẹ́ sọ yìí lọ bá dókítà tó ń tọ́jú wọn, kí ó fọwọ́ sí i tàbí kí ó tún un ṣe, nítorí pé òun ló mọ bí ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe rí báyìí. Amlodipine kì í tètè kúrò lára. Bó bá fi wákàtí mélòó kan pẹ́, kò sí ìjàǹbá. Moduretic, àárọ̀ kùtù ni kí wọ́n lò ó gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Bí ọkọ̀ wọn bá jẹ́ ti alẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ̀ tó ń mú wá yóò ti kọjá kí wọ́n tó wọlé sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti àárọ̀, kí dókítà sọ bóyá kí wọ́n sún un síwájú. Metformin máa ń bá oúnjẹ rìn, kò sì sábà fa ìṣòro. Glimepiride ni kí ẹ fojú sí. Oògùn yìí máa ń rẹ ṣúgà sílẹ̀ bóyá ènìyàn jẹun ni o, bóyá kò jẹun ni o. Houston fi wákàtí 6 wà lẹ́yìn Nàìjíríà láti oṣù Kẹta sí oṣù Kọkànlá, ó sì ń fi wákàtí 7 wà lẹ́yìn ní àwọn oṣù tó kù, èyí túmọ̀ sí pé ọjọ́ ìrìn-àjò wọn yóò gùn ju ọjọ́ lásán lọ. Kí wọ́n má ṣe lo Glimepiride méjì lọ́jọ́ náà nítorí pé ó gùn. Èyí tí wọ́n lò pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ ní ilé ti tó, kí òmíràn wá di ti oúnjẹ àárọ̀ àkọ́kọ́ ní Houston.

Oúnjẹ bàálù kì í bá àkókò tiwa mu, wọ́n sì lè pẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá. Kí bísíkíìtì, ẹ̀pà àti ṣúgà oníhóró wà nínú báàgì ọwọ́. Bí wọ́n bá ń làágùn lójijì nínú òtútù, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ebi ń pa wọ́n, tí ọ̀rọ̀ sì ń dàrú mọ́ wọn lẹ́nu, kí wọ́n lá ṣúgà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí wọ́n sì pe òṣìṣẹ́. Ẹ lè béèrè oúnjẹ alátọ̀gbẹ fún wọn láìsan owó kún un nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó kéré tán ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹni tó bá ń gún insulin kò gbọ́dọ̀ fi í sínú ẹrù tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nítorí pé ó lè di yìnyín níbẹ̀, kí ó sì bàjẹ́.

Gbogbo oògùn ni kí ó wà nínú báàgì ọwọ́, nínú páálí tí wọ́n fi tà á, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà tó kọ orúkọ àìsàn àti orúkọ oògùn sílẹ̀. Ẹ má ṣe tú wọn pọ̀ sínú ọ̀rá kan. Bí ẹnikẹ́ni bá fún wọn ní Tramadol tàbí oògùn ikọ́ tó ní codeine pé kí wọ́n bá òun mú dání fún ọmọ òun, kí wọ́n kọ̀. Àgbo inú ìgò náà, kí ó dúró nílé. Ẹ tún ra ìwé adójútòfò ìrìn-àjò fún wọn, kí ẹ sì kọ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ sínú rẹ̀ bí wọ́n bá béèrè. Owó ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú kékeré wò, àwọn adójútòfò kò sì ní san kọ́bọ̀ lórí àìsàn tí a fi pamọ́.

Ẹ béèrè àga onítáyà nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Atlanta ni wọn yóò ti wọ Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọn yóò ti yẹ ìwé wọn wò, ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti gba ẹrù wọn kí wọ́n tó tún un fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ Houston, pápákọ̀ náà sì tóbi ju èyí tí ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́ lè dá rìn já lọ. Ẹni tó bá ń ti àga náà mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìjókòó mìíràn ni àga onítáyà. Bí wọ́n bá gbé wọn dé ibi ìdúró, kí wọ́n dìde kúrò lórí rẹ̀ kí wọ́n rìn díẹ̀.

Bí etí bá dí nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n máa gbé itọ́ mì, kí wọ́n yán, kí wọ́n sì jẹ ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà. Afẹ́fẹ́ inú bàálù òde òní ń gba inú asẹ́ tó lè mú kòkòrò àrùn, nítorí náà ikọ́ ẹni tó wà nítòsí àti ọwọ́ tí kò mọ́ ni kí wọ́n ṣọ́ra fún. Kí wọ́n fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Bí ọ̀fìnkìn tàbí ikọ́ bá mú wọn dé Houston, kí wọ́n lo ìbòmú, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹlòmíràn wẹ ọmọ náà fún ọjọ́ mélòó kan. Yóò dùn wọ́n, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán fún àgbà lè gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dé ilé ìwòsàn.

Aago inú ara kì í yára yí. Nígbà tí agogo 8 bá lù lálẹ́ ní Houston, agogo 2 tàbí 3 òru ni lójú ara wọn, oorun yóò sì máa kùn wọ́n. Wọn yóò tún jí ní agogo 3 òru ọ̀hún, kí ojú wọn dá ṣáká. Ara sábà máa ń sún bíi wákàtí kan lójúmọ́, nítorí náà kí àbúrò yín fún wọn ní bí ọ̀sẹ̀ kan. Kí wọ́n jáde sínú oòrùn ní ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì gbìyànjú kí agogo 9 alẹ́ lù kí wọ́n tó sùn. Ọmọ tuntun náà kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán, nítorí náà jíjí agogo 3 wọn yóò wúlò fún ìyá ọmọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àwọn ohun wọ̀nyí ránṣẹ́ sí àbúrò yín. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ, tí ó gbóná, tí ẹ̀yìn ojúgun sì ń dun Màmá, kí ó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó má sì fi ororo wọ́ ọ. Bí mímí bá ṣòro lójijì, tí àyà ń dùn wọ́n nígbà tí wọ́n bá mí sínú, tàbí tí wọ́n wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà 911 ni kí ó pè. Èyí lè ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ó sì lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ibà bá sì mú wọn ní oṣù àkọ́kọ́, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó máa sọ fún dókítà jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti dé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún màléríà. Dókítà tó wà ní Houston lè lo ọdún púpọ̀ láìrí màléríà lójú, yóò sì máa wá ohun mìíràn nígbà tí àìsàn náà ń gbilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó yí padà lápá méjì. Lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ yóò kúrú dípò kí ó gùn, nítorí náà Glimepiride àárọ̀ Houston àti ti àárọ̀ Ìbàdàn lè súnmọ́ ara wọn jù. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà ọ̀hún bóyá kí wọ́n fo ọ̀kan tàbí kí wọ́n dín in kù, kí ṣúgà má baà já wọn sílẹ̀ lójú òfuurufú. Èkejì ni pé agbára tí ara wa fi ń kojú màléríà ń dín kù bí ẹ̀fọn kò bá jẹ wá fún oṣù púpọ̀. Ìyá tó lo oṣù mẹ́fà ní Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ fi ibà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó padà dé ṣeré, kí ó sì sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn láti alẹ́ ọjọ́ tó bá balẹ̀. Bí àbúrò yín bá sì pinnu láti gbé ọmọ náà wá kí yín ní Kérésìmesì, ara ọmọ náà kò ní ìmọ̀ kankan nípa màléríà, kódà bí orúkọ Yorùbá rẹ̀ bá tó mẹ́wàá. Kí ó rí dókítà ọmọdé ní oṣù kan tàbí méjì ṣáájú, kí wọ́n kọ oògùn tó ń dènà màléríà fún un ní ìwọ̀n tó bá ara rẹ̀ mu, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí wọ́n tó gbéra, kí ó sì máa lò ó lọ fún iye ọjọ́ tí dókítà bá sọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti padà sí Houston.